Ògógóró, ọtí abẹ́ ibùsùn

Oríṣi ọtí líle méjì ló wà nínú ilé tí mo dàgbà sí ní Oǹdó. Ọ̀kan ni sínáàpù, nínú ìgò aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin, tó ń gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ níbi tí gbogbo àlejò ti lè rí i. Èkejì kò ní orúkọ lára. Ìgò bíà àtijọ́ ni wọ́n dà á sí, egbò àti èèpo igi sì wà nínú rẹ̀. Abẹ́ ibùsùn bàbá àgbà ni tirẹ̀. Bí àna bá dé, bí olóyè bá yà, ti kọ́bọ́ọ̀dù ló ń jáde. Bí inú bá ń run ènìyàn, bí òjò bá pa ẹni tó ti oko dé, bí ẹ̀yìn bá ń ro Bàbá fúnra rẹ̀, ti abẹ́ ibùsùn ni wọ́n ń fà yọ.

Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi léèrè ìdí tí ọtí tí wọ́n kọ́kọ́ pọn ní Schiedam, ní ilẹ̀ Họ́láàǹdì, fi ń jókòó níwájú, tí èyí tí wọ́n sè nínú àbàtà Ìkálẹ̀, tí mọ́tò kì í lò ju wákàtí méjì lọ kó tó dé, fi ń sá pamọ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń sè é, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú ògógóró kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń sè é rí. Ní ìhà Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Èsè-Odò, igi ògùrọ̀ ni wọ́n ń lò jù, kì í ṣe ọ̀pẹ tí à ń rí epo lára rẹ̀. Inú àbàtà ni ògùrọ̀ ń hù, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rì dé orúnkún. Imọ̀ rẹ̀ gùn gan-an, òun náà ni wọ́n fi ń bo ilé, tí wọ́n fi ń rí okùn àti ẹní. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lára igi yìí ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná láyé rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni yóò fi máa kó agbára jọ; bó bá ti tanná, tó so èso, ó tán, kíkú ló kù. Ìgbà tó ń múra àtitanná gan-an ni adẹ́mu ń dé bá a. Adẹ́mu tó mọṣẹ́ á wo imọ̀ tó yọ kẹ́yìn láàárín orí igi náà. Bó bá ti rí i pé ó kúrú sí ti àwọn tó ṣáájú, ó mọ̀ pé àsìkò ti tó. Á gbé àkàbà ọparun tì í, á fi ọ̀bẹ ṣí i lórí, á sì máa fá ojú ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Gbogbo adùn tí igi náà ti ń tọ́jú de òdòdó rẹ̀ á wá máa kán sínú kẹ́ẹ̀gì. Bí kíkán yẹn bá dáwọ́ dúró, igi náà ti kú nìyẹn.

Oje yẹn dùn bí oyin ní wákàtí àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ń fi ìwúkàrà kankan sí i, èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára kẹ́ẹ̀gì ti tó. Kó tó di alẹ́, ó ti ń hó. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ó ti kan, ó ti ń ta ènìyàn lọ́fun. Ẹlẹ́mu ìgboro kò fẹ́ kó débẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ á bú u. Ẹni tó fẹ́ sè é ní tirẹ̀ ń dúró dè é ni.

Dúrọ́ọ̀mù irin ni wọ́n ń dà á sí. Wọ́n á dé e pa, wọ́n á fi amọ̀ lẹ gbogbo ibi tí ooru lè gbà sá jáde, wọ́n á wá ti páìpù bọ òkè rẹ̀. Páìpù yẹn gbọ́dọ̀ gba inú omi tútù kọjá kí ooru tó wà nínú rẹ̀ lè padà di omi. Níbi tí mo ti rí i, ọkọ̀ igi kan tó ti gbó, tí wọn kò lè fi pẹja mọ́, ni wọ́n pọn omi kún, páìpù sì gba idí rẹ̀ já sí òdìkejì. Iṣẹ́ tó kù, iná ni. Ọtí ń di ooru ní ìwọ̀n 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi ní 100. Bí iná bá ràn jù, omi á bá ọtí rìn. Bí kò bá ràn tó, ẹ ó sùn síbẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n kankan lọ́wọ́ ìyá tó ń dáná náà. Ó ń wo bó ṣe ń kán, ó ń fọwọ́ kan páìpù, ó fa igi kan sẹ́yìn, ó ti òmíràn síwájú, ó sì ń bá mi ṣàwàdà lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Èyí tó kọ́kọ́ kán máa ń le jù, èyí tó kẹ́yìn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi. Wọ́n á dà wọ́n pọ̀ títí á fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó le sí i á tún un sè lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á mi ìgò, wọ́n á wo bí ìfófòó orí rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó pòórá, wọ́n á sì ta díẹ̀ sínú iná láti wò ó bóyá ó máa gbiná. Mo tọ́ ọ wò bó ṣe ń ti ẹnu páìpù bọ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dán irú ẹ̀ wò.

Mo gbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ pé ìṣekúṣe àwọn aláìmọ̀wé ló bí ọtí yìí. Ohun tí ìtàn sọ yàtọ̀. Kí ògógóró tó tàn ká, jíìnì òkèèrè, irú ọtí tí à ń pè ní sínáàpù, ló gba gbogbo etíkun. Láti Rotterdam àti Hamburg ni wọ́n ti ń kó o wá nínú àpótí. Ìdí tí ìgò rẹ̀ fi ní igun mẹ́rin ni pé kó lè tò láìfi àyè ṣòfò. Kí wọ́n tó so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá ní 1914, owó bodè orí ọtí wà lára ohun tó ń bọ́ ìjọba Gúúsù Nàìjíríà jù. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell pariwo pé jíìnì ń ba ìlú jẹ́. James Johnson náà pariwo, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì bí i sí Sàró. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1909. Kí ni ìgbìmọ̀ náà rí? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò burú tó bí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ń sọ ọ́. Jíìnì ń bá a lọ, owó bodè ń wọlé.

Ní 1919, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye, lẹ́bàá Paris, pé kí wọ́n má ṣe kó ọtí òwò olówó pọ́ọ́kú wá sí Áfíríkà mọ́. Èyí tó gbówó lórí kò kàn. Bó ṣe di pé jíìnì di ohun ọlọ́lá nìyẹn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé wá dẹnukọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, tí owó kòkó àti owó ekùrọ́ já wálẹ̀, tálákà wo ló tún lówó ọtí òyìnbó? Ìgbà yẹn ni iná tàn káàkiri inú àbàtà, tí dúrọ́ọ̀mù ń hó lọ́sàn-án àti lóru.

Ìjọba tí kò rí aburú kankan nínú jíìnì wá rí i nínú ògógóró lọ́sàn-án gangan. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀ràn. Ọlọ́pàá ń wọ igbó lọ fọ́ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ń mú àwọn tó ń tà á, wọ́n ń bu owó ìtanràn fún wọn, wọ́n ń fi wọ́n sẹ́wọ̀n. Wọ́n ní nítorí ìlera wa ni. Mo gbà pé àwọn kan nínú wọn rò bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá mu ìgò ògógóró kan kò ra ìgò jíìnì kan, owó bodè ìgò náà sì ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba nìyẹn. Àwọn ènìyàn wá ń fún un ní oríṣiríṣi orúkọ ìnagijẹ, kài-kài lọ́hùn-ún, omi Sàpẹ́lẹ̀ níbí, “push me, I push you” lẹ́nu àwọn tó ti mu ún yó. Òwò tí gbogbo ìlú mọ̀ di òwò abẹ́ aṣọ, àṣà fífi pamọ́ náà kò sì kúrò lára wa nígbà tí àwọn tó fòfin dè é kó ẹrù wọn lọ sílé. Mo rò pé òun gan-an ló ti ìgò bàbá àgbà mi sábẹ́ ibùsùn.

Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, àwọn aládùúgbò wa, la irú nǹkan báyìí kọjá. Sodabi ni wọ́n ń pe tiwọn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sodabi lọ jagun àgbáyé kìíní ní ilẹ̀ Faransé, ó rí bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń sè ọtí láti ara èso, ó padà délé, ó fi ẹmu dán an wò. Ìjọba Faransé gbógun tì í, torí wọ́n ní ọtí tiwọn tí wọ́n fẹ́ tà. Lónìí, ẹ gba Àjàṣẹ́ kọjá, ẹ ó rí sodabi lórí tábìlì lẹ́bàá títì, pẹ̀lú èso tàbí egbò nínú ìgò, kò sẹ́ni tó ń fi pamọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń gbé orílẹ̀-èdè yẹn ń gbé e síwájú àlejò. Mi ò mọ irú ojú tí a ó fi wo àlejò tó bá ka ti tiwa kún àbùkù.

Ọ̀rọ̀ sínáàpù yìí kò tíì kúrò nínú mi. Ẹmu ti wà nínú ìtàn wa kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ bí Ọbàtálá ṣe mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, tí oorun gbé e lọ, tí Odùduwà gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́bàtálá kì í fi fẹnu kan ẹmu títí dòní. Ògún dé Ìrè, ó bá agbè ẹmu tó ti gbẹ, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó fa idà yọ. Ẹmu ni wọ́n ń jà lé lórí, ẹmu ni wọ́n ń fi wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ta wá ni sínáàpù nínú ọ̀rọ̀ yìí? Mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọjọ́ ìdáná kan nínú ẹbí wa.

“Bàbá, ṣé àwọn baba ńlá wa gbọ́ èdè Họ́láàǹdì ni, tí a fi ń ta sínáàpù sílẹ̀ fún wọn?”

Ó wò mí títí. “Ìwọ ọmọ yìí! Nígbà tí wọ́n wà láyé, ta ni nínú wọn ló rówó ra sínáàpù? A wá rówó rà á, o ní ká má fún wọn.”

Mi ò rí èsì fún un nígbà náà, mi ò sì tíì rí i tán. Ohun tó sọ mọ́gbọ́n dání. Ohun tó bá wọ́n, tó sì ṣòroó rí, òun ni à ń fi bọlá fún àgbà. Ìyì ló gbé sínáàpù dé orí ojúbọ. Ṣùgbọ́n ìyì ọjọ́ wo? Seaman's, sínáàpù tó wọ́pọ̀ jù nídìí ìdáná àti àdúrà wa báyìí, Ṣàngó-Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ọmọ wa ló ń rọ ọ́ sínú ìgò. Ó ti di tiwa, bí ìbọn ṣe di tiwa, mi ò bá a jà. Mo kàn ń sọ pé tí ọtí Họ́láàǹdì bá lè di ọtí ìbílẹ̀, ó yẹ kí ọtí ìbílẹ̀ náà lè di ọtí ìbílẹ̀. Mo ti bá wọn ṣe ìkómọ ní abúlé kan lẹ́bàá Òkìtìpupa níbi tí ó ti rí bẹ́ẹ̀. Oyin wà níbẹ̀, orógbó wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, ògógóró sì wà nínú kọ́ọ̀bù funfun kan. “Ọtí rèé, ayé rẹ kò ní í tí.” Àwọn àgbà fẹnu kàn án ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà ń sunkún lọ ní tirẹ̀.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ ọtí di ẹni mímọ́. Gbogbo gáréèjì ní ilẹ̀ Yorùbá ló ní ìyá aláàgbo tirẹ̀, pẹ̀lú ìgò ọ̀pá ẹ̀yìn, ìgò jẹ̀dí, ìgò àlẹ̀, tó fẹ́ràn láti bi ẹ́ pé èwo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ògógóró ló gbé egbò wọ̀nyẹn dúró. Awakọ̀ tó ń lọ sí Èkó á gbé ife kan dà sẹ́nu ní aago mẹ́fà àárọ̀, á ní òun fi ṣe oògùn, á sì kó ènìyàn mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Òfin ti ka títa ọtí ní gáréèjì léèwọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ mọ́tò mọ ibi tí òfin yẹn dé. Tí mo bá gbóòórùn páràgà lẹ́nu awakọ̀, mò ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n dá owó mi padà tàbí kí wọ́n má dá a padà.

Èyí tó dun àwọn ará ìhà wa jù ni ti 2015. Nínú oṣù kẹrin ọdún yẹn, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè tí ẹnikẹ́ni kò mọ orí rẹ̀. Orí á máa fọ́ ènìyàn, ojú á ṣókùnkùn, kò ní í mọ ibi tó wà mọ́, kí ilẹ̀ tó tún mọ́ ó ti kú. Àwọn tó kú ju mẹ́wàá lọ dáadáa. Àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ló ń jà, wọ́n ní wọ́n já ojúbọ rẹ̀. Àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Àyẹ̀wò ló wá fi hàn pé methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Kò pẹ́ tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fi tún jáde láti ìpínlẹ̀ Rivers, nígbà tó sì di oṣù kẹfà, ìjọba kéde pé àwọn ti fòfin de ògógóró jákèjádò Nàìjíríà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí rèé. Methanol tó lè pa ènìyàn kì í ti inú ẹmu jáde. Èèpo àti ẹran ara èso ló sábà máa ń bí i nígbà tí wọ́n bá fi èso pọntí, oje ògùrọ̀ kò sì ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó láti dá irú wàhálà yẹn sílẹ̀. Methanol ilé iṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọ̀dà àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀, ló wọ inú ọtí, ó sì ní láti jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló bù ú sí i. Àwọ̀ òun àti ọtí gidi jọ ara, ó ṣòro láti fi imú mọ èyí tó jẹ́ èyí, àwọn méjèèjì sì ń gbiná. Iná tí àwọn àgbà fi ń dán ọtí wò láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè tú u fó. Bí ó bá dénú, ara á sọ ọ́ di ásíìdì tó ń jẹ iṣan ojú run, ó sì lè tó wákàtí mẹ́wàá sí ọjọ́ kan kí ènìyàn tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dà bí àjẹ́ lójú àwọn ará ìlú.

Láàárín ẹni tó se ọtí nínú àbàtà àti ẹni tó gbé e mì ní ìgboro, ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin ló wà. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ògógóró ní Èkó báyìí kò mọ ibi tí ògùrọ̀ ń hù. Ethanol, ìyẹn ọtí ilé iṣẹ́, inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n kó wá láti òkèèrè ni, omi ni wọ́n bù lé e. Òfin 2015 kò wá ibi tí methanol ti wọlé. Ẹni tó ń dáná lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù ló dojú kọ. Ohun tí òfin òyìnbó ṣe náà nìyẹn, èsì tó mú wá kò sì yàtọ̀: kò sẹ́ni tó pa iná, wọ́n kàn tún sún mọ́ inú igbó sí i, níbi tí kò sí ẹni tó lè yẹ ohunkóhun wò. Ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Igbókòdá tàbí Òkìtìpupa, tí olówò lè gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dé kó tó gbé e lọ sí Èkó, á gba ẹ̀mí là ju ìkéde mẹ́wàá láti Abuja lọ.

Àwọn kan ti ń gbìyànjú. Lola Pedro àti Chibu Akukwe dá Pedro's sílẹ̀ ní Èkó, ògógóró ni wọ́n ń tà, nínú ìgò tó lẹ́wà, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára láìtijú. Inú mi dùn sí i. Mo tún mọ̀ pé ìgò tó rẹwà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó ìyá tó ń ti igi bọ iná ní Ìkálẹ̀, mo sì fẹ́ rí ọjọ́ tí orúkọ abúlé tirẹ̀ náà máa wà lára ìgò.

Ṣùgbọ́n igi ni mò ń rò jù báyìí. Gbogbo ògùrọ̀ tí wọ́n bá dá ló ń kú, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì gbin òmíràn, àbàtà á gbẹ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n á kọ́lé lé e. Adẹ́mu kan tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ìhà Òde-Ìrèlè sọ fún mi pé òun máa ń ri èso ògùrọ̀ mọ́ ilẹ̀ lẹ́bàá èyí tí òun bá ti dá tán. Ó ní kò dá òun lójú pé ẹnikẹ́ni máa wà níbẹ̀ láti gùn ún nígbà tó bá gbó. Àwọn ọmọ òun méjèèjì wà ní Èkó, ọ̀kan ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, èkejì ń tún fóònù ṣe. Mo bi í bóyá wọ́n ń mu ògógóró. Ó ní rárá, ti inú ọ̀rá ni wọ́n ń mu, èyí tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í lé kiri ní 2024, tí kò tíì tán lórí igbá.